Abẹ́rẹ́ Kan Lójúmọ́ fún Eegun Tó Ń Ṣẹ́ Láìṣubú

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó síwájú, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin dókítà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ àánú. Ẹ̀yin ọmọ tó di ìyá yín lọ́wọ́ mú wọlé, mo rí yín láti ẹnu ọ̀nà, ẹ kú ìtọ́jú, ọmọ tiyín náà yóò tọ́jú yín. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè jókòó pẹ́ nítorí ẹ̀yìn tó ń ro yín, ẹ dìde nígbà tó bá wù yín, ẹ rìn yíká gbọ̀ngàn yìí, kò sí ẹni tí yóò bínú. Ẹ̀yin gan-an la tìtorí yín pé jọ.

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ṣé ẹ rí i? Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn kò lè rí i, mo mọ̀. Gígùn rẹ̀ kò tó ìbú ìka mi kan. Oògùn tó ń gba inú rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan kò ju ẹ̀kán omi méjì lọ. Síbẹ̀ òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nírọ̀lẹ́ yìí, nítorí ó wà nínú ìwọ̀nba oògùn tó lè mú kí eegun tó ti jó rẹ̀yìn tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó ni ara ló sì ń gún un fún ara rẹ̀, nínú yàrá ara rẹ̀, láìsí dókítà níbẹ̀, lójoojúmọ́. Ojoojúmọ́ yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ojoojúmọ́.

Aṣọ kì í gùn sí i

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ìyá wa, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní kí n sọ ọ́, wọ́n ní ó lè gba ẹlòmíràn sílẹ̀.

Ọmọ ọdún 67 ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi tí kò tiẹ̀ dé ìdajì. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn, kẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Wọn ò ṣubú o. Wọn ò kọsẹ̀. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ ni. Ìrora gbé wọn, wọ́n gbé báàkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n di ògiri mú.

Kí la ní ó ṣe wọ́n? Gbogbo ilé ní làkúrègbé ni. Àwọn kan ní ọjọ́ orí ni. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi tó yẹ kí n mọ̀, mo ní kí wọ́n máa fi omi gbígbóná jó o, mo sì ra oògùn ara ríro fún wọn. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ohun tó là mí lójú ni etí aṣọ. Kaba kan wà tí wọ́n fẹ́ràn, tó máa ń dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn géérégé. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà yàrá, mo wo ẹsẹ̀ wọn, mo rí i pé etí kaba náà ń wọ́ nílẹ̀, ìdọ̀tí ti yí i ká. Mo dúró. Mo rò ó. Aṣọ kì í gùn sí i. Èèyàn ló ti kúrú.

Nígbà tí a wọ̀n wọ́n, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ló ti dín nínú gíga wọn. X-ray fi hàn pé eegun ẹ̀yìn méjì ti rún wọ inú ara wọn, bí páálí òfìfo tí ẹnìkan jókòó lé. Kì í ṣe làkúrègbé. Eegun ló ṣẹ́.

Àìsàn yìí ni wọ́n ń pè ní osteoporosis. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, eegun oníhò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Eegun tí à ń wí yìí kì í ṣe òkúta, ó wà láàyè bí ẹran ara. Lójoojúmọ́ ni awólé ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tó ń wó ibi tó ti gbó kúrò. Bíríkìlà á tẹ̀ lé e, á mọ tuntun sí ojú ibẹ̀. Títí èèyàn fi ń tó nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ bíríkìlà máa ń yá ju ti awólé lọ. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá sì dáwọ́ dúró, họ́móònù tó ń dá awólé lọ́wọ́ kọ́ á lọ sílẹ̀, iṣẹ́ wíwó á wá le ju iṣẹ́ mímọ lọ. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà ló máa ń burú jù. Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ihò inú eegun ni báàkẹ́ẹ̀tì omi tí kò kún gbà wọlé.

Ọkùnrin ńkọ́? Nínú obìnrin mẹ́ta tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀kan ni eegun rẹ̀ yóò ṣẹ́ nítorí àìsàn yìí láyé rẹ̀. Nínú ọkùnrin márùn-ún, ọ̀kan. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ prednisolone fún oṣù púpọ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè nípa eegun rẹ̀, kó má dúró de báàkẹ́ẹ̀tì.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò dunni. Èèyàn á dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, apá ẹ̀rọ kan á kọjá lókè rẹ̀. DXA ni wọ́n ń pè é. Òǹkà kan ni yóò gbé jáde, T-score. Láti 1994 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ìlà sí i: bó bá jẹ́ -2.5 tàbí tó lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, osteoporosis ni. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ -3.4.

Àlejò tó ń wá, tó sì ń lọ

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ apá kejì yìí. Òun ló jọ mí lójú jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọrùn wa, kókó kan wà tó jẹ́ pé bó bá wú, a ó ní ẹni náà ní gẹ̀gẹ̀. Lẹ́yìn kókó yẹn, kókó kéékèèké mẹ́rin mìíràn fara pamọ́ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tóbi tó hóró ìrẹsì. Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan tó ṣì ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Uppsala, Ivar Sandström, ló kọ̀wé ṣàpèjúwe wọn lára ènìyàn ní 1880. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀, wọ́n á tú họ́móònù kan jáde tí à ń pè ní PTH. PTH á lọ sínú eegun, á lọ gba kálísíọ̀mù jáde. Eegun ni báńkì, PTH sì ni ẹni tó ń lọ gbowó jáde níbẹ̀.

Ẹni tí kókó yìí bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù lára rẹ̀, tí PTH ń tú jáde tọ̀sán-tòru, eegun rẹ̀ á máa jẹ ni. Òótọ́ ni. Ẹ wá bi mí: ṣé họ́móònù tó ń jẹ eegun yìí náà ni wọ́n fi ṣe oògùn eegun? Bẹ́ẹ̀ ni. Òun gan-an ni. Oògùn tó ń jẹ́ teriparatide jẹ́ apá ìbẹ̀rẹ̀ họ́móònù náà. PTH dà bí ẹ̀wọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ tó ní hóró 84. Hóró 34 àkọ́kọ́ ni wọ́n mú ṣe oògùn.

Báwo ni ohun tó ń wólé ṣe wá di ohun tó ń kọ́lé? Bó ṣe ń wá ló fa ìyàtọ̀. PTH kì í bá awólé sọ̀rọ̀ tààrà. Bíríkìlà ló ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá wọlé fún ìgbà díẹ̀, tó pe bíríkìlà jí, tó sì jáde, bíríkìlà á dìde, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmọ́ bó bá jókòó pa síbẹ̀, tó ń pariwo láti àárọ̀ di alẹ́, bíríkìlà fúnra rẹ̀ ni yóò ránṣẹ́ sí awólé pé kó máa bọ̀. Àlejò kan náà ni o. Èyí tó wá kí wa tó sì lọ, ó tún ilé wa ṣe. Èyí tó wá tí kò lọ mọ́, ó wó o.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ abẹ́rẹ́, tó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ogún màìkírógíráàmù péré ni. Láàrin bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a bá gún un, ó ti dé góńgó nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi tó wákàtí mẹ́ta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. Ó wá, ó lọ. Lọ́la, á tún wá. Bí a bá gbé e mì bí kóró oògùn, inú ikùn ló máa tú ká, kò ní dé ibi tó ń lọ. Bí a bá sì ń gún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ nítorí pé a fẹ́ kó yá, a ti ń sọ àlejò di onílé nìyẹn. Ojoojúmọ́ náà ni oògùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní 2001, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí 1,637 obìnrin kópa nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù, eegun ẹ̀yìn wọn sì ti ṣẹ́ rí. Nínú àwọn tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni eegun ẹ̀yìn mìíràn tún ṣẹ́ fún. Nínú àwọn tó gba ogún màìkírógíráàmù, márùn-ún ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí oògùn náà ní 2002. Ní 2017 ni wọ́n fọwọ́ sí èkejì rẹ̀ níbẹ̀, abaloparatide, tó ń bá bíríkìlà yìí kan náà sọ̀rọ̀, òun náà lójoojúmọ́, lábẹ́ awọ ikùn, 80 màìkírógíráàmù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó ní osteoporosis ló gbọ́dọ̀ máa gún abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ni kóró oògùn bí alendronate ń tó fún. Àwọn yẹn ń di awólé lọ́wọ́ mú, kí ìwọ̀nba ilé tó kù má bàa wó. Wọ́n dára, wọ́n rọrùn láti rí, wọn ò sì wọ́n tó abẹ́rẹ́. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti ń ṣẹ́, tí òǹkà rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, ni ọ̀rọ̀ bíríkìlà kàn jù. Wọ́n fi teriparatide wé kóró oògùn kan tó ń jẹ́ risedronate lára irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Nínú ọgọ́rùn-ún tó lo kóró oògùn, 12 ni eegun ẹ̀yìn tuntun ṣẹ́ fún. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gún abẹ́rẹ́, márùn-ún àti díẹ̀ ni.

Ọwọ́ àti péènì

Apá kẹta rèé, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gún un, wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi aṣọ inú bo itan kan, wọ́n ṣí èkejì sílẹ̀. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ṣé kí n wá máa rán ara mi bí aṣọ ni?" Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín gún un lónìí." Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé wàá máa wá láláalẹ́ fún ọdún méjì? Bí mo bá máa gún un lọ́la, jẹ́ kí n gún un lónìí." Wọ́n di ojú. Wọ́n la ojú padà, wọ́n ní àwọn ò lè fi ojú dídì gún ara àwọn. Wọ́n ti abẹ́rẹ́ náà wọlé, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó ti wọlé? Òun náà nìyẹn?" Òun náà nìyẹn. Ẹ̀fọn ń dunni jù ú lọ.

Péènì la ń pe ohun tó mú oògùn dání, nítorí ó jọ gègé ìkọ̀wé tó sanra. Oògùn ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì ti wà ní ṣíṣètò, kò sí pé à ń fà á láti inú ìgò. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ gbé péènì wo lójú iná: omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara bí omi òjò. Bó bá ti dùrú, tàbí tó ní àwọ̀, tàbí tí nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀, ẹ má gún un. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i. Tuntun ni mo wí, lójoojúmọ́. Ẹ jókòó. Ẹ gún un sí itan tàbí sí ikùn, kí ẹ yẹra fún ìdodo, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ojú ibi tí ẹ ń gún: òní ọ̀tún, ọ̀la òsì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ dé òpin, ẹ má yára fà á yọ. Ẹ rọra ka iye tí ìwé péènì yín bá ní kí ẹ kà: ti teriparatide tí ẹ̀gbọ́n mi lò jẹ́ márùn-ún, ti abaloparatide jẹ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá fà á yọ kánkán, yóò rí i tí oògùn ń kán sí itan rẹ̀ lóde. Ìyẹn kò wọlé.

Bí ẹ bá gún un tán, ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lórí péènì. Bó bá wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ á ráyè wọ inú oògùn. Ẹ sọ abẹ́rẹ́ náà sínú ike líle tó ní ìdérí, kó má lọ gún ọmọ tó ń gbálẹ̀ tàbí ẹni tó ń kó ilẹ̀ dànù. Ẹ má sì ya ẹnikẹ́ni ní péènì yín, ìbáà ṣe ìbejì yín, kódà kó fi abẹ́rẹ́ tirẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì wá ńkọ́? Péènì teriparatide fẹ́ràn otútù, kò fẹ́ràn yìnyín. Láàrin 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kó máa wà. Bàbá kan tí mo kọ́ bí a ṣe ń gún un rò pé bó bá tutù sí i ni yóò dára sí i, wọ́n wá tì í mọ́ ibi tí omi ti ń dì. Ó dì gbagidi. Wọ́n yọ ọ́, ó yọ́, ó tún mọ́ gaara bí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń gún un lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó sọ fún mi. Oògùn tó bá ti dì rí ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ mọ́ lójú. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí èmi ni mo sọ pé "ẹ fi í sí ibi tó tutù" láìfi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó yẹ gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n ya fọ́tò fíríìjì wọn wá fún mi.

Ọjọ́ 28 ni péènì teriparatide ń lò lẹ́yìn tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni, nítorí owó kékeré kọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ara páálí rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé abẹ́rẹ́ òwúrọ̀ tí ẹ sì rántí lálẹ́, ẹ gún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, èyí tó lọ ti lọ. Ẹ má gún méjì lọ́jọ́ kan. Ẹ kúkú rántí àlejò.

Kí ló fà á tí mo fi ní kí ẹ jókòó? Nítorí pé nínú àwọn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn máa ń lọ sílẹ̀ lójijì, òòyì á kọ́ ọ. Mo mọ obìnrin kan tó gún un lórí ìdúró, tó sì mú àtẹ̀gùn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí pé ẹnìkan ń pè é lókè. Òòyì kọ́ ọ ní ìgbésẹ̀ kẹta. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbara rẹ̀ dúró, ọrùn ọwọ́ náà sì ṣẹ́. Ó gún oògùn eegun tán, eegun rẹ̀ ṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kejì! Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dùbúlẹ̀ títí yóò fi lọ.

Àwọn nǹkan mìíràn tó lè ṣẹlẹ̀ ni orí fífọ́, inú ríru, àti pajápajá lẹ́sẹ̀ lóru. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ pajápajá, fún oṣù méjì àkọ́kọ́, ó sì lọ. Àmọ́ bí inú bá ń ru yín láìdáwọ́ dúró, tí ẹ ò rí ìgbẹ́ yà, tí ara yín sì rọ jọwọlọ, ẹ pe dókítà, ó lè jẹ́ pé kálísíọ̀mù ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ti ní òkúta nínú kíndìnrín rí, kó sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí: bíríkìlà tó dé ibi iṣẹ́ tí kò bá símẹ́ńtì, kí ni yóò fi mọlé? Kálísíọ̀mù àti fítámínì D ni símẹ́ńtì rẹ̀. Dókítà ni yóò sọ iye tó tó yín.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń dúró kí n dé ibí. Mo ti rí ìyá kan tó gba péènì, tó gbé e délé, tí ọmọ rẹ̀ wá ka ìwé inú páálí, tó ní, "Màmá, jẹjẹrẹ eegun ni wọ́n kọ síbí yìí." Ìyá náà kò gún un rárá.

Mi ò ní fi nǹkan pa mọ́ fún yín. Òótọ́ ni pé nígbà tí wọ́n gún un fún eku, ní ìwọ̀n tó pọ̀ ju tènìyàn lọ, fún èyí tó pọ̀ jù nínú ayé eku náà, àwọn kan nínú wọn ní jẹjẹrẹ eegun. Nítorí eku yìí ni wọ́n fi dá ìwádìí àwọn 1,637 obìnrin yẹn dúró kó tó tó àsìkò. Nítorí rẹ̀ náà ni ìkìlọ̀ ńlá kan fi wà lórí ìwé oògùn náà ní 2002, tí wọ́n sì ní kẹ́nikẹ́ni má lò ó ju ọdún méjì lọ láyé rẹ̀. Wọ́n wá ń ṣọ́ àwọn ènìyàn tó ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn ò rí i kí jẹjẹrẹ eegun pọ̀ láàrin wọn ju bó ṣe wà láàrin àwọn yòókù lọ. Ní 2020, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà yọ ìkìlọ̀ ńlá náà kúrò. Síbẹ̀, ọdún méjì náà ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń tẹ̀ lé, àyàfi bí ewu bá ṣì wà lórí aláìsàn náà gan-an.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n gún un rárá. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti wọ eegun rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú eegun rẹ̀ rí. Ẹni tó ní àìsàn eegun kan tí wọ́n ń pè ní Paget. Ẹni tí kálísíọ̀mù pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí tí kókó mẹ́rin yẹn ti ń ṣiṣẹ́ àṣejù fúnra wọn. Ọmọdé tí eegun rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo gbogbo ìyẹn kí péènì tó wọlé.

Páálí kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọdún méjì, ọjọ́ 28 sí péènì kan: péènì 26 ni. Ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo páálí rẹ̀ jọ sórí àpótí aṣọ wọn, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn tán, òǹkà wọn ti gòkè di -2.6. Inú wa dùn. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lọ, wọ́n bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní, "Màmá, ẹ ti ṣe tán. Ẹ kú oríire."

Kò sí ẹni tó sọ ohun tó kàn. Èmi náà kò béèrè. Mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ṣe ń di péènì mú, mi ò béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí péènì bá tán.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé tí bíríkìlà mọ yìí, awólé kò tíì lọ síbì kankan. Ọjọ́ tí àlejò kò wá pe bíríkìlà mọ́, bíríkìlà á sinmi, awólé á máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Láàrin ọdún kan àbọ̀, -2.6 yẹn ti ń padà sí -3. Ọdún méjì tí obìnrin yìí fi gún ara rẹ̀ láláalẹ́, láìpa jẹ, la fẹ́ fi ṣòfò, nítorí ìbéèrè kan tí a kò béèrè. Ìyẹn ló mú mi wá síwájú yín lónìí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ bá parí, oògùn tó ń di awólé lọ́wọ́ mú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, láìjẹ́ kí àyè wà láàrin. Ó lè jẹ́ alendronate lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Omi lásán ni kí ẹ fi mu ún láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì wà lórí ìdúró tàbí ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má bàa jó ọ̀nà ọ̀fun. Ó lè jẹ́ zoledronic acid, tí wọ́n ń fà sí iṣan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ó lè jẹ́ denosumab, abẹ́rẹ́ kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìyẹn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ yẹ̀, nítorí bó bá dá a dúró lójijì, eegun ẹ̀yìn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ léraléra. Èyí tó bá wù kó jẹ́, kí ẹ ti mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ bá wà lórí péènì ogún. Ẹ bi dókítà yín pé, "Kí ló kàn lẹ́yìn èyí?" Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá dá yín lóhùn, ẹ tún un bi.

Zoledronic acid ni wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbà á báyìí.

Péènì ìkọ́ni mẹ́rin wà lórí tábìlì yẹn, kò sí oògùn nínú wọn, àti ìrọ̀rí tí ẹ lè máa gún. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò ní lọ títí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú yóò fi gbìyànjú. Ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbí. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀ kí wọ́n rí yín. Ọmọ ọdún 74 ni wọ́n. Kaba yẹn ni wọ́n wọ̀ wá lónìí. A ké etí rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kó má bàa máa gbé wọn ṣubú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá ń bọ̀: kò tíì wọ́lẹ̀ padà. Ẹ ṣeun.